Bí Mo Ṣe Gba Fírídọ̀mù Lọ́wọ́ Ọ̀gá Mi

Òórùn eruku gbígbóná ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kí ènìyàn tó rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Eruku tó ti ń gbé inú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ pípẹ́ ni, tí fáànù kékeré inú rẹ̀ ti gbá jọ, tí ooru iná sì ti yan gbẹ. Bí a bá tú àpótí kan tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò bò wá lójú, yóò wọ̀ wá lọ́fun, bí mo bá sì délé ní ìrọ̀lẹ́ tí mo fun ikun imú mi, dúdú ni ohun tí yóò jáde. Ìgboro Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, láàárín àwọn télọ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn tó ń ta ohun èlò iná. Kò fẹ̀ rárá. Ìlẹ̀kùn kan ni ó ní, kò ní fèrèsé, ọ̀gá sì ti fi irin dí iwájú rẹ̀ nítorí àwọn olè, tó fi jẹ́ pé láti inú irin ni a ti ń dá oníbàárà lóhùn. Òkú kọ̀ǹpútà ni a tò jọ láti ilẹ̀ dé àjà: èyí tí páwápáàkì rẹ̀ ti jó, èyí tí ààrá ti ba bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́, èyí tí ẹni tó ni ín gbé wá tí kò sì yọjú mọ́. Àárín wọn ni àga tèmi wà. Bí mo bá jókòó, orúnkún mi á kan àpótí kan, ẹ̀yìn mi á kan òmíràn.

Ọmọ Ute ni mí. Ìyá mi ń dáko níbẹ̀, bàbá mi sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí mo parí iléèwé girama tí pólì kò gbà mí, ìyá mi ní òun kò lè máa wo ọkùnrin tó jókòó sílé tó ń ka igi àjà. Ó mú mi wá sí Ọ̀wọ̀, ó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n fi àdéhùn sí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ọ̀gá. Inú mi dùn nígbà náà ju bó ti yẹ lọ. Kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí mo ti ra súkúdíráfà kan tí ọwọ́ rẹ̀ pupa, mo ń fi há àpò àyà bí akọ̀wé ṣe ń fi gègé há a, bí mo bá sì lọ kí ìyá mi ní Ute, mo máa ń rí i dájú pé ó yọ síta dáadáa. Mo ní kí àwọn ojúgbà mi máa pè mí ní injiníà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo mọ̀ nígbà náà kò ju kí n gbálẹ̀ kí n sì fẹ́ eruku lọ.

Ọ̀gá mi kì í pariwo. Mùsùlùmí ni, ọmọ bíbí ìgboro Ọ̀wọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ó sì kọ́kọ́ ń tún ṣe kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé kọ̀ǹpútà wọ̀lú. Sùúrù ni ó fi yàtọ̀. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé bí kọ̀ǹpútà bá ti dákẹ́, bọ́ọ̀dù tuntun ni wọn yóò ní kí oníbàárà lọ rà. Ọ̀gá tèmi á ní ẹ̀rọ tí kò tan kò tíì kú, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ná. Ìbéèrè náà sì ní ètò tí a kò gbọdọ̀ fò. Ṣé iná wà lára ògiri? Ṣé wáyà wọlé dáadáa? Ṣé wọn kò pa súwíìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ṣé fáànù ń yí? Bó bá ń yí, ṣé ó ké? Igbe kúkúrú kan, àlàáfíà ni. Igbe gígùn tó ń tún ara rẹ̀ ké, ràmù ni, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Kí a yọ ọ́, kí a fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, kí a dá a padà. Bí ọjọ́ inú rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù ló ti kú. Bí fáànù bá ń yí tí kò ké tí nǹkan kan kò sì hàn lójú ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú díẹ̀, kí a fa àga súnmọ́ ọn.

Mo rántí ọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ wá lórí ọ̀kadà. Ó gbé e lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, òógùn bò ó, ó ní láti àná ni kò ti mí mọ́. Ọ̀gá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé súwíìṣì ẹ̀yìn ni ẹnì kan pa nílé. Èmi ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà jókòó, kí ó mu omi, ó sì tú àpótí náà pátápátá, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó nu ràmù rẹ̀, nígbà tó dì í padà ni ó wá tan súwíìṣì náà láìjẹ́ kó hàn. Ọkùnrin náà ń gbàdúrà fún un dé orí ọ̀kadà. Ọ̀gá ní bó bá gbọ́ pé torí súwíìṣì ni òun ṣe rìn jìnnà báyẹn, ojú yóò tì í débi pé kò ní lè gba àdúgbò wa kọjá mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí n wọ ọdún kẹta nígbà tí ọ̀gá gbé òfin tuntun kalẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà lọ, bí mo bá ń tú kọ̀ǹpútà, kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá ń rí sókè. Òun á jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, á kọjú sí títì, èmi á máa ké nínú irin bí ẹni ń polówó ọjà: wáyà wọlé, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lórí bọ́ọ̀dù, fáànù yí lẹ́ẹ̀kan ó dúró, agolo kékeré kan wú lórí níbi tí iná ti ń wọlé. Á ní, "Ó wú àbí ó jò?" Èmi á ní ó wú, kò tíì jò. Nígbà náà ni yóò tó sọ ohun tí n ó ṣe. Ó sú mi jọjọ. Mo rò pé ó ń ṣe mí bí ọmọ jẹ́léósinmi, èmi tí wọ́n ń pè ní injiníà ní Ute. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ohun èlò iná ní òdìkejì títì sọ pé òun kò rí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ báyìí rí, ó dà bí ẹni ń kọ́ni ní kéwú, bí ọmọ òun bá dàgbà ibẹ̀ ni òun yóò mú un wá. Ọ̀gá kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo títì.

Ọdún kẹta pé, ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kó ẹrù mi kí n máa lọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá rẹ̀ ni yóò ṣe fírídọ̀mù fún un, kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé jọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tó bá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìṣe é, láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ifọn, ẹgbẹ́ yóò wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a dá sí i. Wọn kì í sì í kàn gbàdúrà lásán lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àti alága ẹgbẹ́ á gbé kọ̀ǹpútà kan tó dára wọ yàrá ẹ̀yìn, ọ̀gá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ ní ibì kan ṣoṣo, alága á jẹ́rìí sí ibẹ̀. Wọn á gbé e jáde fún ọmọ iṣẹ́ kí ó wá a rí, kí ó sì tún un ṣe níṣojú gbogbo ènìyàn. Kò gbọdọ̀ la ẹnu títí kọ̀ǹpútà yóò fi tan, kí ẹnikẹ́ni má baà ràn án lọ́wọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì tún ba nǹkan mìíràn jẹ́ níbi tó ti ń wá a, ó ti já nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n. Mo sọ fún ọ̀gá pé lágbájá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà kan náà pẹ̀lú mi ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti gba tirẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe tìrẹ náà." Mo dúró, mo tún sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, ó ní a ó wò ó. Ọjọ́ tí mo wá bèèrè láìfi bò, ó dìde, ó ní òun ń lọ kírun, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ìrun kò tíì tó. Lákòókò yẹn gan-an ni ìròyìn dé láti Ifọn. Àbúrò ìyá mi obìnrin kọ́ ilé síbẹ̀, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà fẹ́ kó lọ, àǹtí mi sì ní òun yóò fi ṣọ́ọ̀bù náà dè mí títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Bí òjò bá dá tí n kò sì dé, òun á gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí àwọn tó ń bèèrè pọ̀. Kò sí ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ mi bá ti tẹ ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ti di ènìyàn nìyẹn, ìyá mi sì lè fi oko sílẹ̀ díẹ̀. Ni mo bá di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Òjò rọ̀, inú mi dùn. Oòrùn mú lọ́jọ́ méjì léra wọn, ara mi kì í balẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn òkú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, mò ń wo títì láti inú irin, mo sì ń bínú sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó ti rí ẹrú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni akọ̀wé iléèwé kan gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ń ké igbe gígùn. Mo ń sé ìdí àpótí mìíràn lọ́wọ́, ọ̀gá ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, òun á ṣe é. Ó yọ ràmù náà, ó nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e padà, ó ń tì í, kò wọlé. Ó tún tì í. Pátákó yẹn ní ibi tí wọ́n gé díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ènìyàn má baà kì í bọ̀ ọ́ lódìlódì, òun gan-an ni ó sì kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi agbára tì í láé. Lódìlódì ni ó dì í mú. Mo gbójú sókè láti sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ kò sí lórí ohun tó ń ṣe. Ògiri ni ó kọjú sí. Àtàńpàkò rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n gé náà, ó ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́nu pátákó náà jẹ́jẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un." Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi láìjanpata. Akọ̀wé náà ń tẹ fóònù rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Èmi ni ara mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rántí pé ó ti pẹ́ tí kò gun alùpùpù rẹ̀ mọ́, pé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a ka ọ̀rọ̀ tó bá wọ fóònù rẹ̀. Mo rántí pé n kì í gbọ́ kí ó sọ pé òun rí nǹkan, bí kò ṣe kí ó bèèrè ohun tí èmi rí. Kì í ṣe pé ó ń kọ́ mi ní kéwú. Ojú mi ni ó fi ń ṣiṣẹ́.

Màmá ni a ń pe ìyàwó ọ̀gá. Inú ilé ni mo ti lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Èdè Ọ̀wọ̀ ni ó fi dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti le, nítorí èdè tó yé gbogbo oníbàárà ni a máa ń sọ láàárín ara wa tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, jókòó. O ti rí i nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀, Màmá?"

"Èmi ni mo mú un lọ rí dókítà. Wọ́n ní èyí tó ti lọ nínú ojú rẹ̀ kò ní padà wá mọ́, kí ó máa fi oògùn tọ́jú ìwọ̀nba tó kù." Ó da ẹ̀wà sínú omi. "Uṣẹ́ yẹn ni a fi ń jẹun nínú ulé yìí. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹni tí kò ríran? Bó bá ṣe fírídọ̀mù fún ọ, òun ni yóò wọ yàrá pẹ̀lú alága lọ ba ẹ̀rọ jẹ́. Báwo ni yóò ṣe ṣe é?"

Màmá wá wí pẹ̀lẹ́ pé òun kò ní kí n má lọ, òun kàn ń bẹ̀ mí kí n ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni ìlẹ̀kùn wá tì mọ́ mi dáadáa. Tẹ́lẹ̀, mo ní ìbínú mi, mo sì lè máa fi gbé ara mi ró. Ní báyìí, mi ò lè bínú mọ́, mi ò sì lè lọ. Bí mo bá tẹnu mọ́ fírídọ̀mù, mo ti tú àṣírí ẹni tó bọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, òjò yóò dá. Mo káàánú rẹ̀ gidigidi, mo sì tún kórìíra àánú náà, nítorí òun gan-an ni ó so mí mọ́lẹ̀. Láàárọ̀, màá tún jókòó sínú irin, màá tún máa ké: fáànù ń yí, iná pupa kan ń ṣẹ́jú. Bí mo ti ń sọ ọ́, màá máa wò ó bó ṣe tẹ́tí, tí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sápá kan, mi ò sì ní lè fo ẹyọ kan nínú ohun tí mo rí.

Ìyá mi ni kò lè fara dà á. Ó gbéra láti Ute pẹ̀lú iṣu, ó wá kúnlẹ̀ fún ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ nǹkan kan nípa ojú, èmi náà kò sì lè sọ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ, ṣọ́ọ̀bù Ifọn ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa." Mo rò pé ọ̀gá yóò tún ní a ó wò ó. Ó ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga. Ó wá ní kí ìyá mi dìde, òun yóò sọ fún alága ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ìyá mi sunkún. Èmi kò lè yọ̀, mi ò sì lè sọ pé kí ó má ṣe é.

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti di ọ̀sán tí oníbàárà ò sí, ọ̀gá á wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á gbé bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan lé itan, á máa fi ìka wá ọ̀nà lórí rẹ̀. Á yọ pulọ́ọ̀gì kan, á dá a padà. Á tún yọ ọ́. Kò pè mí wá wò ó, èmi náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dáyé ń kọ́ ọ lákọ̀tun, kí ó lè ba nǹkan kan jẹ́ dáadáa fún mi.

Ọjọ́ náà pé, ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n gbé àga sí iwájú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ tapólì, ìyá mi àti àǹtí mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń mu mínírà. Ọ̀gá wọ agbádá funfun. Òun àti alága wọ yàrá ẹ̀yìn, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi jáde, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé èjìká alága bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì níwájú mi. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí iná, kò sí fáànù. Mo wo wáyà, mo wo súwíìṣì ẹ̀yìn, mo tú àpótí náà, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i: pulọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tó ń gbé iná lọ sí ọkàn bọ́ọ̀dù ti bọ́ lójú ihò rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ó rọrùn fún ẹni tó ń fi ìka ríran láti wá a rí. Mo tì í padà sínú ihò rẹ̀. Mo rí alága tó rẹ́rìn-ín, ó ti ń kó ọwọ́ jọ láti pàtẹ́wọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Kò tan.

Alága jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kùn. Mo mú súkúdíráfà, mo fi ẹnu rẹ̀ kan àwọn abẹ́rẹ́ méjì tí bọ́tìnnì máa ń so pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, fáànù sì yí lójijì. Ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ara bọ́ọ̀dù le, bọ́tìnnì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pa á, mo tẹ̀ ba, mo wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara bọ́tìnnì wá. Ó ti bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ẹnì kan sì ti rọra kì í bọ orí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà funfun kéékèèké kọ orúkọ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ẹni tó bá ríran kò lè ṣì í. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ń fa pulọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin yẹn, etí ọwọ́ agbádá rẹ̀ ti gbé wáyà náà, ó gbọ́ ọ lábẹ́ ìka, ó sì gbìyànjú láti dá a padà kí alága tó yíjú sí i. Mo gbé e sí ibi tó yẹ. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú, ojú ẹ̀rọ sì mọ́lẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá mi ti dìde. Alága gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ènìyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ibì kan ni mo jẹ́rìí sí. Ibi méjì ni ọmọ yìí tún ṣe. Ta ló yọ wáyà bọ́tìnnì? Ìwọ ni àbí ta ni?"

Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Bí mo bá ní èmi ni mo fà á yọ níbi tí mo ti ń tú àpótí, mo ti já, ó di ọdún tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù Ifọn ti lọ; òjò sì ti ń fà sẹ́yìn lọ́sẹ̀ náà. Bí mo bá ní kì í ṣe èmi, kò ku ẹlòmíràn ju ọ̀gá mi lọ, wọn yóò sì bi í léèrè bí ọ̀gá àgbà kan ṣe kì wáyà sí orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà. Mo wo Màmá, ó ti tẹ orí ba. Mo mí kanlẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ní, "Alága, ọwọ́ mi ni."

Ó dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni, nítorí kò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Ó ní, "Mi ò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún kan. Ọmọ yìí ni ó ń bá mi wò ó. Ó ti mọṣẹ́, ẹ fún un ní ìwé rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ wá àga rẹ̀ lẹ́yìn, ó jókòó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Alága gbàdúrà fún mi pẹ́ títí, àwọn ènìyàn sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni wọ́n ń wò.

Mo dé Ifọn kí òjò tó dá. Ibẹ̀ náà ni mo wà títí di òní, iṣẹ́ sì ń lọ. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn oníbàárà ti wá kó ẹ̀rọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ń kí i dáadáa bí wọ́n ti ń kó o. Màmá sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ibi tó ti ń ta ìpápánu. Ọ̀gá ń jókòó sílé. Bí mo bá gbé iṣu lọ kí i lọ́jọ́ Iléyá, yóò fi ọwọ́ wá ojú mi, yóò bi mí bóyá iná ń dúró ní Ifọn, bóyá ìyá mi ṣì ń lọ sóko. N kì í sọ fún un pé mo mọ̀ pé ohun tó tú mi sílẹ̀ ni ó tì í mọ́lé. Òun náà mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ni kò tíì bi mí rí. Etí ọkùnrin yẹn kì í jẹ́ kí ohunkóhun fò ó. Ó gbọ́ mi nígbà tí mo mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dá mi lójú pé ó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ni ó ṣe sáré sọ tirẹ̀. Bóyá ó fẹ́ yọ mí ni. Bóyá kò fẹ́ gbọ́ ohun tí n ó sọ ni. Mo ti gbìyànjú láìmọye ìgbà láti parí gbólóhùn náà nínú ọkàn mi. Nígbà mìíràn màá ní, "Èmi ni," ìyá mi á sì padà sí Ute pẹ̀lú omijé. Nígbà mìíràn màá ní, "Kì í ṣe èmi," orí Màmá á sì tún tẹ̀ ba sí i. Èwo ni ó wà lẹ́nu mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tì í, tí ọ̀rọ̀ bá tán láàárín wa, mo máa ń rò pé yóò bi mí wàyí. Kì í bi mí. Yóò ní kí n tètè máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ mi lọ́nà.